Mo Wá Ilé sí Peckham, Àgùntàn Ni Mo Bá

Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ kó lọ sí ìlú tí òun kò dé rí, olùdámọ̀ràn kì í wọ́n ọn. Ẹni tó ti gbé ibẹ̀ yóò sọ tirẹ̀, ẹni tó kàn gba ibẹ̀ kọjá nínú bọ́ọ̀sì yóò sọ tirẹ̀, ẹni tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń gbé ibẹ̀ ló sì máa ń pariwo jù. Nígbà tí mo rí iṣẹ́ akáǹtáǹtì gbà ní Camberwell, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n, lọ́dún 2018, ojoojúmọ́ ni pálọ̀ wa ní Ṣúrùlérè ń kún fún àwọn tó mọ Lọ́ńdọ̀n ju Ọbabìnrin lọ. Àdúgbò tí màá gbé ni wọ́n ń bá mi yàn. Ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í pẹ́ kó tó já sí Peckham, nítorí Peckham kò jìnnà sí Camberwell rárá, òun náà sì ni àdúgbò tí Yorùbá tí kò wọ ọkọ̀ òfúrufú rí pàápàá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní Èkó Kékeré.

Bàbá Thamesmead, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló kọ́kọ́ pè. Ohùn tí wọ́n fi ń túfọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. “Má dé Peckham o. Bí bọ́ọ̀sì tó o wọ̀ bá fẹ́ gba ibẹ̀, sọ̀ kalẹ̀, kó o fẹsẹ̀ rìn yí i po.” Mo béèrè ìdí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá dárúkọ Damilola Taylor. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Damilola. Oṣù kẹjọ ọdún 2000 ló ti Èkó dé. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún náà, ó ń ti ilé ìkàwé Peckham lọ sílé, wọ́n gún un ní àgbègbè North Peckham, ó sì kú. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú àwọn ilé àgbègbè yẹn báyìí, wọ́n ti kọ́ òmíràn rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n lójú Bàbá Thamesmead, ilẹ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn kò tíì mọ́ ní Peckham.

Àǹtí Peckham, àbúrò màmá mi, pè lálẹ́ ọjọ́ kan náà láti tako ẹjọ́ yìí. Ọdún 1986 ni wọ́n dé ibẹ̀, inú ilé káńsù kan náà ni wọ́n sì ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Lójú tiwọn, ẹni tí kò bá gbé Peckham kò tíì dé Lọ́ńdọ̀n, pápá ọkọ̀ òfúrufú ló ṣì wà. “Níbo lo ti fẹ́ rí ẹ̀lùbọ́? Níbo lo ti fẹ́ rí ìgbín? Tí ara rẹ kò bá yá, ta ló máa gbé ata wá fún ọ?” Wọ́n ka ọjà Rye Lane fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, oníṣu, ẹlẹ́ja gbígbẹ, onídìrí, alápatà ará Pakistan tó ń kí wọn ní “Ẹ kú àárọ̀, Màmá” tó sì ń bu pọ̀ǹmọ́ ẹ̀ẹ́nì sí i. Wọ́n ní nígbà tí àwọn dé, bí o bá gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn rẹ nínú ọjà, wàá yíjú padà, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ẹ ti di ẹbí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ka ìwé ní Ìbàdàn, tó ti ṣáájú mi débẹ̀, kò mọ̀ nípa ẹ̀lùbọ́, kò sì mọ̀ nípa ẹ̀rù. Peckham tirẹ̀ wà lórí òrùlé ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ kan lẹ́bàá Rye Lane, níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti ọdún 2009. Àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń tò lọ síbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù. Ó ní láti ìparí ọdún 2012 tí rélùwéè Overground ti dé Peckham Rye ni owó ilé ti sá lọ sókè, àti pé tí n kò bá tètè múra, n kò ní rí àyè.

Èmi náà ní Peckham tèmi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Àǹtí máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò ránṣẹ́ sílé, eré Desmond's tí Channel 4 ṣe láti 1989 sí 1994 sì wà nínú wọn. Inú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Peckham ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo fẹ́ lọ gbé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n akáǹtáǹtì ni mí, ohun tí kò bá sí lórí ìwé ìṣirò, n kì í gbà pé ó wà. Mo ní kí gbogbo wọn fi mí sílẹ̀. Mo ṣí Excel, mo fa ìlà sí i: owó ilé, ariwo, ọgbà, bí yàrá ṣe tóbi tó, ìwà onílé. Mo ń fún ilé kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ilé ìtòsí Rye Lane kò tilẹ̀ yọjú sókè nínú ìdánwò náà, nítorí owó yàrá kan ṣoṣo fún ọdún kan níbẹ̀, bí mo bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, yóò ra ilẹ̀ ní Mọ́wé. Mo ń wá, mo ń wá, títí mo fi dé orí yàrá kan lóru ọjọ́ kan. Ó tóbi, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Ibi tó wà ni East Peckham.

Ẹ wo bí ọgbọ́n ṣe ń pa ọlọ́gbọ́n. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá wo máàpù Lọ́ńdọ̀n yóò rí East Dulwich àti West Dulwich, yóò rí East Ham àti West Ham. East Dulwich gan-an, ó fara kan Peckham ni. Kí wá ni East Peckham lè jẹ́ bí kò ṣe apá ìlà-oòrùn Peckham? Àwọn tó ń sanwó gọbọi ní àárín ọjà, wọn kò kàn ronú láti rìn díẹ̀ sí ìlà-oòrùn ni. Ẹ̀yin ó ní ṣé n kò wo máàpù ni. Mo wò ó. Mo tẹ Peckham, mo rí Peckham, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Nǹkan kan ṣoṣo ló fẹ́ rú mi lójú. Àdírẹ́sì Peckham máa ń ní SE15 lẹ́yìn, ṣùgbọ́n TN12 ló wà lẹ́yìn èyí. Mo rò ó títí, mo pinnu pé “Town” ni wọ́n gé kúrú sí TN. Mo fún un ní máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Mo pe ìyá onílé lórí fóònù. Obìnrin náà kò parọ́ fún mi, kí n sọ ọ́ kó yé yín. Ó ní àdúgbò náà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní pápá wà lẹ́yìn ilé. Mo mi orí, mo mọ̀ ọ́n: Peckham Rye, pápá tí wọ́n ní William Blake akéwì ti rí àwọn áńgẹ́lì lórí igi nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní odò kò jìnnà. Ta ni kò mọ Thames? Ó ní láti ọ̀dọ̀ òun dé ibùdó rélùwéè, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni nínú mọ́tò. Èyí ló wá dùn mọ́ mi jù lọ. Ọmọ Èkó ni mí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú mọ́tò ní Ṣúrùlérè lè má ju òpó iná mẹ́ta lọ. Mo ní kó má ṣèyọnu, ẹsẹ̀ ni màá máa fi rìn ín láràárọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn pé lóòótọ́, àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo sanwó. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí, kí gbogbo olùdámọ̀ràn lè kà á lẹ́ẹ̀kan náà: “Mo ti gba ilé ní Peckham, apá East. Ọgbà wà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. N kò lo éjẹ́ǹtì.” Bàbá Thamesmead fi Orin Dáfídì kọkànléláàádọ́rùn-ún ránṣẹ́ láìsọ nǹkan mìíràn. Àǹtí béèrè pé, “East báwo? Ṣé apá Queens Road ni àbí apá Nunhead?” Mo dá wọn lóhùn pé ó jọ pé àárín méjèèjì ni, àti pé àwọn àdúgbò kan wà tí ará ibẹ̀ gan-an kì í fiyè sí. Ẹni tó ti ń gbé Peckham láti ọdún 1986 ni mo ń fi Peckham hàn láti Ṣúrùlérè.

Oṣù kẹsàn-án ni mo dé. A ti ṣe àdéhùn pé Àǹtí máa dúró dè mí níwájú ilé ìkàwé Peckham, ilé gogoro tí wọ́n fi bàbà aláwọ̀ ewé bò, tí orí rẹ̀ yọ síwájú bíi pé ó fẹ́ wó lé èèyàn. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, ọdún náà ló sì gba ẹ̀bùn Stirling tí wọ́n ń fún ilé tó gba iwájú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀fọ́ rírò wà lọ́wọ́ Àǹtí nínú kúlà. Èmi dé London Bridge pẹ̀lú àpótí mi, mo sọ fún òṣìṣẹ́ kan pé East Peckham ni mò ń lọ. Ó wo àpótí, ó wo ojú mi, ó ní Paddock Wood ni kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì sí. Mo ní ibùdókọ̀ kan lẹ́bàá Rye Lane ni yóò máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá wọ rélùwéè ní London Bridge yóò dé Peckham Rye kó tó ka ìwé ìròyìn tán. Tèmi ń lọ ṣáá. A kọjá Orpington. Ilé ń dín kù, igi ń pọ̀ sí i. Ọkọ̀ wọ inú ihò gígùn kan lábẹ́ òkè ní Sevenoaks, òkùnkùn biribiri. Ìgbà tó yọ lódìkejì, àgùntàn ni mo rí. Kì í ṣe ẹyọ kan; agbo àgùntàn ni, wọ́n tú ká sórí koríko títí ojú fi ń lọ. Mo sọ fún ara mi pé Peckham Rye tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Fóònù mi dún.

“Níbo lo dé? Ẹ̀fọ́ ti ń tutù.”

“Àǹtí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Peckham.”

“O ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dé láti àárọ̀. Kí lò ń rí níta?”

Mo tún wo ìta, bóyá nǹkan ti yí padà. “Àgùntàn, mà.”

Wọ́n dákẹ́. “Àgùntàn báwo?”

“Àgùntàn tó ń jẹ koríko, mà.”

“Ọmọ yìí, àgùntàn tí mo mọ̀ ní Peckham, orí ìkọ́ alápatà ló ń wà, kì í jẹ nǹkan kan. Gbé fóònù fún ẹni tó jókòó tì ọ́.”

Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ka ìwé ni mo gbé fóònù fún. Ó gbọ́ ohun tí Àǹtí sọ, ó dá wọn lóhùn ní ohùn pẹ̀lẹ́, ó dá fóònù padà fún mi, ó sì gbé ìwé rẹ̀ bojú, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí mo fi fóònù sétí, Àǹtí kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó wà níwájú ilé ìkàwé ni wọ́n ń bá sọ ọ́: “Kent! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí Kent o!” Mo gbọ́ ohùn ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ní Peckham tí mi ò tíì dé, ó ń béèrè ní èdè Ìjẹ̀bú pé ṣé orí ọmọ náà pé.

Abúlé ni East Peckham. Etí odò Medway ló wà, nínú oko Kent. West Peckham náà wà, kò jìnnà sí i, abúlé ni òun náà. Kò sí èyí tó bá Peckham tiwa pààlà nínú wọn. TN tí mo ní “Town” ni, Tonbridge ni, ìlú kan ní Kent tí rélùwéè ti gbé mi kọjá. Ìyá onílé wá pàdé mi ní Paddock Wood nínú mọ́tò àtijọ́ kan, ó sì sáré àsápajúdé lójú ọ̀nà tí kò sí ẹnì kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà kò dín, kò lé. Mo ń ka òpó iná. Mo kà á tì.

Opó ni obìnrin náà, ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ Peckham tí mo rò pé mo ń bọ̀, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn gbé tíì ka iwájú mi. Ó ní ará Peckham ti ń wá síbí tipẹ́, èmi ni mo kàn pẹ́ dé. Ó mú mi lọ wo ilé ribiti-ribiti kan tí òrùlé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí fìlà funfun wà lórí rẹ̀ tó ń yí tẹ̀lé afẹ́fẹ́. Irú ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sá hop nígbà kan, èso ewéko kan tí wọ́n fi ń mú bíà korò. Ní Beltring tó wà nítòsí, wọ́n tò ó lọ rẹrẹẹrẹ. Oṣù kẹsàn-án ni ìkórè hop. Kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ náà ní nǹkan bí ọdún 1960, àwọn ìdílé tálákà láti Peckham, Bermondsey, Deptford àti ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀n máa ń di ìkòkò, di ọmọ, wọ rélùwéè láti London Bridge wá já hop ní Kent. Inú ahéré ni wọ́n ń sùn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìsinmi mìíràn lọ́dún. Mo fẹjú sí àpótí mi. Gbogbo àwọn ará Peckham yẹn mọ ibi tí wọ́n ń lọ, èmi nìkan ni mo já hop láìmọ̀.

Mo ti sanwó, nítorí náà mo dúró. Ajá ìyá onílé fẹ́ràn mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì rò pé ìwà mi ni. Panla tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dì sí ìsàlẹ̀ àpótí ni. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi ló ń sùn mọ́jú, ó ń mí kanlẹ̀. Bí mo bá ń jáde, ó máa sìn mí dé ẹnu géètì, lẹ́yìn náà ló máa sáré padà lọ dúró ti kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kó panla náà sí. Ní ti ata rodo, ẹ má bi mí. Ṣọ́ọ̀bù abúlé náà ní tàtàṣé kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé bí ọmọ tuntun, mo rà á, mo sè é, ó dùn bí ṣúgà.

Ìyà ọ̀nà ibi iṣẹ́ ló wá burú. Láti inú oko Kent dé Paddock Wood, láti Paddock Wood dé London Bridge, láti London Bridge wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Camberwell. Owó rélùwéè gbé gbogbo ohun tí mo rò pé mo jẹ lérè lórí owó ilé mì káló, ó tún ń wò mí lójú bóyá mo ní sí i. Mo padà lọ wo Excel mi. Ariwo wà níbẹ̀, ọgbà wà níbẹ̀, ìwà onílé wà níbẹ̀. Owó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Èmi tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ owó olówó.

Bọ́ọ̀sì abúlé kì í dúró de akáǹtáǹtì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ti lọ kí n tó dé, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn ín bí mo ṣe ṣèlérí. Kò sí iná, kò sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, iná fóònù ni mo fi ń wá ilẹ̀. Àgbẹ̀ kan dá ọkọ̀ dúró, ó béèrè ibi tí mò ń lọ. Mo ní Peckham. Ó bojú wẹ̀yìn, ó tún bojú wo iwájú, ó ní ọ̀nà Lọ́ńdọ̀n kọ́ ni mo dorí kọ yìí. Mo ní, “Rárá o, sà, èyí tó wà níbí ni.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Nígbà tí mo wá fẹ́ kó lọ sí Peckham gidi, Àǹtí gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mi. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ. “Tó o bá fẹ́ wo ilé, lọ lálẹ́ Friday, kó o tún lọ láàárọ̀ Sunday. Kò sí ilé tí kì í ṣe ọmọlúàbí lọ́sàn-án Tuesday.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí létí dáadáa. Àmọ́ ọ̀sán Tuesday ni ọ̀gá mi fún mi láàyè, mo sì lọ. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ni, ẹ̀bá Rye Lane gan-an, owó rẹ̀ rọjú. Ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ wà ní títì. Mo dúró láàárín yàrá, mo tẹ́tí. Kò sí ohun tó dún. Mo fọwọ́ sí ìwé.

Lálẹ́ Friday, ilẹ̀kùn irin ká sókè. Dùùrù kọ́kọ́ dún, ìlù tẹ̀lé e, ìgbà tó yá pátákó ilẹ̀ yàrá mi ń dáhùn “Àmín”. Ìṣọ́ òru ni. Ní nǹkan bí aago méjì, pásítọ̀ ní kí àwọn èèyàn gbé ohùn sókè láti de gbogbo ẹ̀mí tí kò jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn. Mo bá wọn dè é. Ẹ̀mí náà kò lọ. Mo kà á lẹ́yìn náà pé àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2013, wọ́n sì ka 240 ìjọ tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn ní Southwark, ìjọba ìbílẹ̀ tí Peckham wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Lálẹ́ Saturday, ó kan àwọn onífàájì orí òrùlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mọ́tò oníṣu àti ti alápatà ti ń já ẹrù. Ẹ̀fọ́ rírò wà nítòsí, ata wà nítòsí, oorun ló wà ní Kent.

Nígbà tó di Friday mìíràn, mo wọ sálúbàtà, mo wọ aṣọ ìsùn, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba àlejò di mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà kí n tó la ẹnu. Ó ní Olúwa ló rán mi, ó mú mi lọ sí ìjókòó iwájú. Wọ́n ní kí àlejò dìde, mo dìde. Wọ́n ní kí n sọ orúkọ mi àti iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ sọ pé oorun ni mò ń wá, “akáǹtáǹtì” ló jáde. Gbogbo ìjọ ké “Halelúyà”. N kò mọ̀ pé wọ́n ti ń wá mi. Nígbà náà, òfin ilẹ̀ yìí ní kí ẹgbẹ́ àánú tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £25,000 lọ wá ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ wọn láti yẹ ìṣirò wọn wò, kò sì sí akáǹtáǹtì tí wọ́n lè san owó rẹ̀. Ẹjọ́ ni mo bá lọ. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti fáìlì mẹ́rin ni mo gbé padà sókè, n kò sì lè sọ̀rọ̀ ariwo mọ́, nítorí èmi ni mò ń ṣírò owó gáàsì tí wọ́n fi ń móoru kí wọ́n tó lè pariwo.

Ọdún ti gorí ọdún. Ní báyìí, èmi náà ti di olùdámọ̀ràn. Àwọn ọmọ Ṣúrùlérè ń pè mí láti Èkó, mo sì ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìgboyà pé Peckham dára, kí wọ́n ṣáà yẹra fún òkè ṣọ́ọ̀bù nítorí ìṣọ́ òru. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀kan nínú wọn wá wo yàrá mi àtijọ́, ó pè mí pé òun kò gbọ́ ìlù kankan. Kò lè gbọ́ ọ. Owó ṣọ́ọ̀bù wọ́n, ìjọ náà ti kó lọ, kọfí ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ gbogbo wọn yé mi. Kò sí ẹni tó purọ́ fún mi ní Ṣúrùlérè. Ọdún tí ojú kálukú ti rí Peckham ló ń júwe: Bàbá Thamesmead ń júwe ọdún 2000, Àǹtí ń júwe 1986, ọ̀rẹ́ mi ń júwe òrùlé, èmi ń júwe ìlù tí kò dún mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn àdúgbò, kó kọ́kọ́ béèrè ọdún tí olùdámọ̀ràn fi ojú kan ibẹ̀.

Àwọn Yorùbá náà ń kó kúrò. Owó ilé ń lé wọn lọ sí Abbey Wood, Dartford, Gravesend, àwọn mìíràn sọdá odò lọ sí Grays. Ìhà Kent tí mo kọ́kọ́ ṣèèṣì lọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń dà lọ báyìí, bí mo bá sì sọ pé mo ṣáájú àkókò mi, àwọn ẹbí á ní kí n panu mọ́. Àǹtí alára ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n pè mí lóṣù tó kọjá, wọ́n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà mi, wọ́n béèrè àlàáfíà iṣẹ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ìyá onílé rẹ ọjọ́ kìíní yẹn, ṣé ẹ ṣì ń ríra?”

“À ń kíra, mà. Kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan kan. Mo kàn rí ilé kan lórí fóònù, apá ibẹ̀ yẹn. Ọgbà wà, odò kò jìnnà, wọ́n ní rélùwéè kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú mọ́tò.”

Mo ní kí wọ́n lọ wò ó lálẹ́ Friday.